Wísíkì gidi ní owó pọ́ọ́kú: ta ló ń tan ta?

Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Ẹ̀múrè àti gbogbo agbègbè wa. Nọ́ọ̀sì yín ni o. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo ní màá parí lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kó dúró ná. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀kan nínú àwọn gúrúùpù tí mo wà, kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Arákùnrin kan tí mo bọ̀wọ̀ fún, tó ń palẹ̀ ìsìnkú bàbá rẹ̀ mọ́, kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń wá wísíkì tó dára tí owó rẹ̀ kò ní ga ju ara lọ. Páálí mẹ́fà ló fẹ́, nítorí àwọn àlejò tó ń bọ̀ láti Èkó àti Àbújá. Kí ẹ̀wà tí mo gbé kaná tó rọ̀, èèyàn mọ́kànlá ti dá a lóhùn. "Mo ní ẹnì kan ní Àkúrẹ́." "Ọ̀gá mi kan ló ń kó o wọlé, orijíná ni." Ẹnì kan tiẹ̀ fi àwòrán ránṣẹ́: ìgò Black Label nínú páálí tó ń dán gbinrin, ₦9,000 péré. Gbogbo ilé ń kí i pé ó ṣeun, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Nínú gbogbo wa tó lé ní igba lórí gúrúùpù yẹn, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó béèrè pé kí ló dé tó fi pọ́ọ́kú tó bẹ́ẹ̀.

Èmi ń béèrè rẹ̀ báyìí. Mi ò sì ní fi ẹnu dídùn béèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń ṣírò. Ní Scotland, ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú ọtí yẹn, òfin ni pé ọtí kankan kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ wísíkì wọn bí kò bá tíì lo ọdún mẹ́ta, ó kéré tán, nínú àgbá tí wọ́n fi igi óákù ṣe. Ìgò tó wà nínú àwòrán yẹn, ọdún 12 ló kọ sára. Ìyẹn ni pé ọmọ tó ń wọ JSS 2 lónìí ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n rọ ọtí náà sínú àgbá. Lọ́dọọdún, nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ á máa gbẹ mọ́ afẹ́fẹ́. Àwọn tó ń ṣe é ń pe èyí ní ìpín àwọn áńgẹ́lì. (Áńgẹ́lì tó ń mu wísíkì, mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn pásítọ̀ wa.) Ẹni tó tọ́jú ọjà fún ọdún 12 ti náwó lé e lórí. Ó tún gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, ẹlòmíràn san owó kọ́sítọ́ọ̀mù lórí rẹ̀ ní Apapa, oníṣòwò Èkó jèrè, ti Àkúrẹ́ jèrè, mọ́tò gbé e gba ojú ọ̀nà tí gbogbo wa mọ bó ṣe rí. Ẹ wá ní ₦9,000 ni ní Ìkẹ́rẹ́? Mo yà wo ilé ìtajà ńlá kan ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìgò kan náà, ó ju ìlọ́po mẹ́rin iye yẹn lọ. Àwọn bàbá wa kúkú ti sọ ọ́ pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ọtí nìkan la rò pé ọ̀rọ̀ yẹn kò kàn.

Ẹni tó ń tà á fún yín ní ₦9,000 kò fẹ́ràn bàbá yín tó kú jù yín lọ. Ó ń jèrè. Bí ó bá sì ń jèrè ní iye yẹn, á jẹ́ pé ohun tó dà sínú ìgò kò ju ẹgbẹ̀rún kan tàbí méjì lọ.

Ẹ̀ ń sọ pé ṣùgbọ́n ìgò náà, ìgò gidi ni. Bẹ́ẹ̀ ni! Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wọn wà. Ẹ dúró ní ibi ìnáwó èyíkéyìí ní ìlú wa ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, nígbà tí àwọn onílù ti ń palẹ̀ mọ́, tí wọ́n ti ń tú kánópì. Ẹ máa rí àwọn ọmọ kéékèèké pẹ̀lú àpò ìrẹsì, wọ́n ń ṣa ìgò lábẹ́ tábìlì. Mo bi ọ̀kan nínú wọn léèrè ní Ẹ̀múrè lọ́dún tó kọjá, ọmọ tí mo fún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tó wà ní ìkókó. Ó là mí lọ́yẹ bí olùkọ́. Ó ní ìgò bíà kò lówó lórí, ti wísíkì àti ti Hennessy ló lówó, pàápàá bí ìdérí rẹ̀ bá wà níbẹ̀. Ó ní bí èèyàn bá fi páálí rẹ̀ kún un, wọ́n máa ń fi owó lé e. Ẹ dákun, ta ló ń fi owó gidi ra páálí òfìfo? Ẹni tó fẹ́ dáná kò bìkítà bóyá páálí ń dán.

Kì í ṣe àròsọ nọ́ọ̀sì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, NAFDAC ya wọ ọjà kan ní ìlú Aba, wọ́n ti shọ́ọ̀bù tó tó 240 pa níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọtí ayédèrú. Àwọn orúkọ tó wà lára ìgò níbẹ̀ ni àwọn orúkọ tí ẹ̀ ń fi ń fẹ́yẹ lórí tábìlì: Hennessy, Black Label, Martell, títí kan ṣìnáàpù Seaman's tí a fi ń gbàdúrà fún ìyàwó. Ìgbà wo ni wọ́n sì ń ṣe é jù? Ìparí ọdún, nígbà tí ìnáwó bá pọ̀. Ọjà yẹn kì í ṣe ti ará Aba nìkan. Ibi tí ìnáwó bá wà ló ń gbà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù, nítorí pé bó bá jẹ́ omi, ṣúgà sísun àti ọtí sáṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń dà sínú rẹ̀, ìrẹ́jẹ lásán ni, owó yín ló lọ.

Ọtí tí èèyàn ń mu, orúkọ tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni ẹ́tánọ́ọ̀lù. Ó ní ẹ̀gbọ́n burúkú kan tó ń jẹ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù. Àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì: wọ́n mọ́ gaara bí omi, òórùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀, àwọn méjèèjì ń yí èèyàn lójú. Ṣùgbọ́n mẹ́tánọ́ọ̀lù kì í ṣe ohun mímu. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń lò ó, láti fi ṣe ohun tí ń yọ ọ̀dà, láti fi po kẹ́míkà mìíràn, láti fi ṣe epo. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọtí ayédèrú rẹ̀ le dáadáa láìnáwó púpọ̀, ibẹ̀ ló máa ń gbà.

Bó bá dé inú ara, ẹ̀dọ̀ wa á bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo ọtí. Ẹ̀dọ̀ kò mọ̀ pé àjèjì ni. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ọ́ dà ni fọmadíháìdì, èyí tó wà nínú fọ́málínì tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì. Ẹ rántí pé ìsìnkú la torí ẹ̀ ń wá ọtí o. Láti ibẹ̀ ó tún sọ ọ́ di oró kan tó jẹ́ irú èyí tí èèrà fi ń ta ni, oró yẹn ló sì ń pa iṣan tó gbé ìríran láti ojú lọ sí ọpọlọ. Ẹ̀jẹ̀ á kan, èèyàn á máa mí gúlegúle, á dákú. Mílílítà 10 tí kò lábùlà lè fọ́ ojú. 30 lè pa àgbàlagbà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí 30 ṣe tó, ẹ wo sáṣẹ́ẹ̀tì ọtí kan.

Ẹ rántí Òde-Ìrèlé. Ẹni tó bá gba Àkúrẹ́ kọjá sí Oǹdó, tó tẹ̀síwájú dé Òkìtìpupa, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí kú níbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń pa wọ́n. Orí á fọ́ wọn, ojú wọn á ṣú, wọn ò ní ríran mọ́, wọ́n á dákú, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti parí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó kéré tán èèyàn 18 ti lọ. Ebola ọdún 2014 ṣì wà lára wa bí egbò tí kò tíì jinná, nítorí náà ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ rò. Àwọn mìíràn ní òrìṣà ló ń bínú nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó wọ ojúbọ tí kò yẹ kí wọ́n wọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ fura sí oògùn apakoríko. Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, kì í ṣe kòkòrò àrùn, kì í ṣe apakoríko. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ni, nínú ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n mu. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers, àwọn tó kú níbẹ̀ tún pọ̀ ju ti Òde-Ìrèlé lọ.

Kí n jẹ́wọ́ fún yín: èmi náà wà lára àwọn tó fi ọ̀rọ̀ òrìṣà yẹn ránṣẹ́ káàkiri nígbà náà. Ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì mi wà lára ògiri, mo sì ń tẹ fóònù.

Èyí tó kù tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ le ju ìyẹn lọ. Ọdún méjì lẹ́yìn Òde-Ìrèlé, ní ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà (mi ò ní dárúkọ ìlú, mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn), bíríkìlà kan wọlé tọ̀ mí wá ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ó ní orí ń fọ́ òun, inú ń run òun, ojú òun sì dà bí ìgbà tí ọyẹ́ bo ilẹ̀. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò ga. Mo yẹ ibà wò, kò sí. Mo bi í pé kí ló mu. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìnáwó ọ̀gá òun ni àwọn lọ lọ́jọ́ Àìkú, àti pé wọn ò fún àwọn ní ògógóró o, wísíkì ni, ìgò olówó ńlá. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Nítorí pé ó pè é ní wísíkì, ọkàn mi kò tilẹ̀ lọ síbẹ̀. Bó bá sọ pé ògógóró ni, ǹ bá ti fò dìde. Mo fún un ní parasitamọ́ọ̀lù, mo ní ọtí àná ló ń dà á láàmú, kí ó mu omi púpọ̀, kí ó lọ sùn.

Ọjọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ wọlé. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, dókítà wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀, ó gbọ́ ìtàn rẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, mẹ́tánọ́ọ̀lù ni wọ́n bá níbẹ̀. Ó yè. Kò ríran mọ́. Ọwọ́ tó ń mọ ilé fún àwọn ẹlòmíràn, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń fà á kiri báyìí. Bí mo bá kọjá tó gbọ́ ohùn mi, ó ṣì máa ń kí mi, "Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o." Ẹ̀yin tí ẹ máa ń béèrè ìdí tí mo fi ń le mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ti gbọ́ ọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kórìíra bí àwọn èèyàn ńlá wa ṣe ń fi ojú ẹlẹ́gàn wo ògógóró, tí wọ́n á wá gba ìgò tí wọn ò mọ ìyá rẹ̀ tí wọn ò mọ bàbá rẹ̀ nítorí pé òyìnbó wà lára rẹ̀. Láyé àwọn amúnisìn, òfin ló ní ká má se ọtí tiwa, nígbà tí jínnì tiwọn ń gúnlẹ̀ ní Èkó. Láti ìgbà yẹn ni a ti kọ́ láti máa rò pé ti ilé ni májèlé, ti òkèèrè ni oògùn. Ní ọdún 2015 kan náà, lẹ́yìn ikú yẹn, ìjọba tún fòfin de ògógóró. Mi ò bá wọn jà, iná ń jó nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ẹmu tí wọ́n bá sè dáadáa kì í sábà mú mẹ́tánọ́ọ̀lù tó lè pa odidi àdúgbò jáde. Bí òkú bá ti ń sùn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹnì kan ló bù ú sí i. Ẹni tó sì lè bù ú sínú kẹ́ẹ̀gì ògógóró, ó lè bù ú sínú ìgò wísíkì. Ó tún máa lówó lórí jù.

Kì í ṣe ìṣòro aláìní. Ní ìlú àwọn Czech, ní Yúróòpù, ó pa èèyàn tó lé ní 40 lọ́dún 2012, débi pé ìjọba wọn fòfin de títa gbogbo ọtí líle fún ìgbà kan. Ní Iran, ọdún 2020, wọ́n parọ́ fún àwọn èèyàn pé ọtí ń wo Kòrónà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló mu ayédèrú tí wọ́n sì kú. Ní Laos, oṣù Kọkànlá ọdún 2024, àlejò mẹ́fà láti Denmark, Australia, Amẹ́ríkà àti ìlú ọba ló kú, àwọn tó lọ gbafẹ́.

Àwọn kan á ti máa tẹ̀ ẹ́ báyìí pé, "Nọ́ọ̀sì, a ti ń mu ú tipẹ́, kò pa wá." Ẹ gbọ́. Mẹ́tánọ́ọ̀lù kì í ṣe nǹkan kan fún èèyàn lójú ẹsẹ̀ ju kó yí i lójú lọ. Ó máa ń tó wákàtí 12 sí 24 kó tó hàn. Bí wọ́n bá pò ó mọ́ ọtí gidi, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọtí gidi ni ẹ̀dọ̀ máa kọ́kọ́ gbájú mọ́. Ẹ wá bá mi wo ìnáwó Sátidé. Àlejò yín jẹ, ó mu, ó jó, ó ná owó fún yín, ó padà sí Èkó lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́ Ajé ni ojú rẹ̀ ṣú. Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ kò mọ̀ yín. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, tàbí àwọn ọ̀tá. Ẹ̀yin wà ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ̀ ń sọ pé ìnáwó yín lọ wẹ́rẹ́, kò sí ẹni tí nǹkan ṣe. Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ta lẹ pè?

Ẹ jẹ́ kí n tètè kọjá lórí àwọn àyẹ̀wò tí wọ́n ń pín kiri. Wọ́n ní kí ẹ ṣá iná sí i, bí iná bá ní àwọ̀ báyìí ó dára. Irọ́ ni; bí méjèèjì bá pò pọ̀, iná kò ní sọ fún yín. Wọ́n ní kí ẹ gbọn ìgò kí ẹ wo ìfófòó rẹ̀. Bí ọtí ṣe le tó nìyẹn lè fi hàn, kò lè sọ irú ọtí tó jẹ́. Ẹnu kò lè tọ́ ọ wò, imú kò lè gbọ́ ọ. Ẹ lè wo ìdérí bóyá wọ́n ti ṣí i rí, kí ẹ wo bóyá ọtí inú ìgò méjì inú páálí kan náà kò dọ́gba, kí ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì tó wọ́ àti òǹkà NAFDAC. Gbogbo ìyẹn dára, ayédèrú tí kò mọ iṣẹ́ ni ẹ máa fi mú. Èyí tó mọ iṣẹ́ á tẹ òǹkà NAFDAC kó dán ju ti orijíná lọ. Yàrá àyẹ̀wò nìkan ló lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sì sí yàrá àyẹ̀wò nídìí kánópì.

Nítorí náà iye owó ni ẹ̀rí tó rọrùn jù lọ tó wà lọ́wọ́ yín, òun gan-an lẹ sì ń sọ pé kó má ṣe ẹ̀rí. Wísíkì gidi ní owó pọ́ọ́kú! Kò sí i. Ẹ jẹ́ kí n tilẹ̀ sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi: ẹ ò wá wísíkì. Ìgò lẹ̀ ń wá. Ẹ̀ ń wá ohun tó máa dúró lórí tábìlì kí àlejò Àbújá lè rí i. Bó bá jẹ́ pé adùn ọtí lẹ̀ ń wá, ẹ ò ní máa wá a ní páálí mẹ́fà.

Èyí tó jẹ́ orijíná pàápàá, ẹ má rò pé mò ń polówó rẹ̀. Ìgò wísíkì kan tó jẹ́ mílílítà 750, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ọtí tó wà nínú rẹ̀ tó ti ìgò bíà ńlá mẹ́wàá. Ọkùnrin mẹ́ta lè jókòó tì í kí wọ́n sì pa á láàárín wákàtí kan, wọ́n á sì wa ọkọ̀ lọ sílé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2023 pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí a lè pè ní aláìléwu fún ìlera. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ mi, ẹ mọ ara yín. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń lo Flagyl, ẹ jìnnà sí i.

Sáṣẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni, ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́ pátápátá. Láti ọdún 2018 ni ìjọba àti àwọn tó ń ṣe é ti fọwọ́ sí i pé yóò kúrò lọ́jà, kí ó dópin ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 2024. Nígbà tó tó àkókò, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè ti NAFDAC ní òfin ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ariwo ta, wọ́n sún un síwájú. Méjì àti díẹ̀ nínú rẹ̀ tó ìgò bíà ńlá kan, ó sì ń wọ àpò yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé. Àwọn ọlọ́kadà wa ní Ìsẹ̀ ń fi í jẹun àárọ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn tí a ń di ní súẹ́ẹ̀nì.

Kí wá ni ká gbé fún àlejò? Bí owó bá wà, ẹ ra ìgò méjì tàbí mẹ́ta fún tábìlì àwọn àgbà, ní ilé ìtajà tó fún yín ní rìsíìtì, tí ẹ mọ̀ pé ẹ lè padà lọ bá lọ́la. Bí owó kò bá sí, kò sí. Ẹmu Èkìtì ńkọ́? Ẹ gbà á lọ́wọ́ adẹ́mu tí ẹ mọ igi ọ̀pẹ rẹ̀, kó gbé e wá láàárọ̀ ọjọ́ náà kó tó kan. Mo mọ bàbá kan nínú oko Ìsẹ̀ tí ẹmu rẹ̀ máa mú kí àlejò Àbújá gbàgbé Scotland. (Kí ó má ṣáà da omi àti sákárínì sí i, ìyẹn tún jẹ́ ìjà mìíràn.) Mọ́ọ̀tì wà, zobo wà, omi tútù wà. Àlejò tó bá rojọ́ pé bàbá yín kú, ẹ ò gbé Black Label, ẹ jẹ́ kó rojọ́ pẹ̀lú ojú méjèèjì tó ríran.

Bí ẹ bá ra èyí tó jẹ́ gidi, ẹ má jẹ́ kí ìgò rẹ̀ kúrò nílé yín ní odindi. Ẹ rẹ ẹ́ sómi kí ẹ ha lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kúrò, ẹ fi ìṣó lu ìdérí rẹ̀, ẹ ya páálí rẹ̀. Ẹ fún àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ní owó tí wọn ì bá rí níbẹ̀. Kò tó iye tí ẹ ná lórí ìlù.

Bí ẹnì kan bá ti mu ún ńkọ́? Ẹ fi èyí pamọ́ sórí fóònù yín. Bó bá di ọjọ́ kejì ọtí, tí orí ń fọ́ kọjá àlà, tí ó ń bì, tí inú ń run ún, tí ojú ń ṣe kùrukùru tàbí tí ó ń rí funfun níbi gbogbo, tí ó ń mí kíákíá, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́: *kì í ṣe ọtí àná*. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní omi àgbọn, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun, ẹ má ní kó sùn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ní Adó tàbí ní Ìdó lójú ẹsẹ̀, kódà bó bá jẹ́ òru. Ẹ mú ìgò ọtí náà dání pẹ̀lú ohun tó kù nínú rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ní gbangba fún dókítà pé ọtí ni, ẹ sọ ìgbà tó mu ún, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú ìjọ tàbí ti mọ́sálásí dí yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pe gbogbo ẹni tó jókòó sídìí tábìlì kan náà. Oògùn wà tó lè dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ kó má sọ ọ́ di oró, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ sì lè fà á jáde, ṣùgbọ́n ojú tó bá ti lọ tán kì í sábà padà. Àwọn dókítà mìíràn máa ń lo ọtí gidi fúnra rẹ̀ bí oògùn, nítorí ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nípa ẹ̀dọ̀. Mi ò sọ èyí kí ẹ lè máa rọ ọtí sí ẹni tó ń kú lọ lẹ́nu o! Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń fún un, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè.

Mo pe arákùnrin tó ń sìnkú bàbá rẹ̀. Ó bínú díẹ̀, ó ní mo fẹ́ dójú ti òun lórí gúrúùpù. Ó ní òun ti san àsansílẹ̀ fún páálí mẹ́fà, ẹni tó ń tà á sì ní òun kì í dá owó padà. Mo ní kí ó gbàgbé owó yẹn, mo ní bó bá ṣòro fún un, èmi àti àwọn kan máa dá nǹkan jọ fún un. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé iye wo ni bàbá Ìsẹ̀ yẹn ń ta kẹ́ẹ̀gì ẹmu rẹ̀. Mo ti fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí i. Mi ò tíì mọ ohun tó máa ṣe. Sátidé tó ń bọ̀ ni ìnáwó náà, ẹ̀yin tí wọ́n pè, ẹ wo tábìlì dáadáa kí ẹ tó na ọwọ́.